Ẹ̀KỌ́ KỌKÀNLÁ: ÒGIRI BALÙWẸ̀ TÓ Ń BU

Bí búrẹ́dì bá pẹ́ nílẹ̀ ní àsìkò òjò, kí ni a máa ń rí lára rẹ̀? A óò rí ohun kan tó hù bí irun wẹ́wẹ́. Nígbà mìíràn ó funfun, nígbà mìíràn ó dúdú, tàbí kí ó ní àwọ̀ ewé. A óò ní, "Búrẹ́dì yìí ti bu." Èlùbọ́ tí kò gbẹ dáadáa kí a tó dì í sínú àpò a máa bu. Bàtà aláwọ tí a tì mọ́ inú àpótí láti oṣù kẹfà títí di oṣù kẹsàn-án a máa bu. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ògiri, pàápàá jù lọ ògiri balùwẹ̀. Ohun kan náà ni gbogbo wọn.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìdọ̀tí lásán ni. Bí wọ́n bá rí ògiri balùwẹ̀ ẹlòmíràn tó dúdú, wọ́n á ní ọ̀lẹ ni ìyàwó ilé náà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun abẹ̀mí ni bíbu. Ẹbí kan náà ni òun àti olú tí ń hù lára igi jíjẹrà nínú oko. Irúgbìn rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú wa kò lè rí i. Inú afẹ́fẹ́ ni ó ń fò kiri, ní Ìkàrẹ́, ní Ọ̀kà, ní London, níbi gbogbo. Bí ó bá bà sí ibi gbígbẹ, yóò kàn wà níbẹ̀ láìṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí ó bá bà sí ibi tútù, tó sì rí oúnjẹ díẹ̀, láàárín ọjọ́ kan sí méjì ó lè bẹ̀rẹ̀ sí hù. Oúnjẹ rẹ̀ kò ṣòro rí. Ọṣẹ tó lẹ̀ mọ́ ògiri, èérí ara wa, ọ̀dà, pákó, páálí òkè àjà, gbogbo rẹ̀ ni ó ń jẹ.

Ẹ wò ó báyìí. A kò lè lé irúgbìn rẹ̀ kúrò nínú afẹ́fẹ́. A kò sì lè sọ pé kí ẹnikẹ́ni má fi ọṣẹ wẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí agbára wa ká ni omi.

(Kì í ṣe gbogbo irú wọn ni ọ̀tá o. Ní ọdún 1928, ní London, dókítà kan tó ń jẹ́ Alexander Fleming rí i pé ọ̀kan lára wọn tó hù sínú àwo rẹ̀ ń pa kòkòrò àrùn. Láti ara rẹ̀ ni oògùn penisilíìnì ti jáde. Ṣùgbọ́n èyí tó wà lára ògiri yín kì í ṣe oògùn. Kí ẹnikẹ́ni má lọ ha á sí ojú egbò.)

BALÙWẸ̀ ÀTIJỌ́ ÀTI BALÙWẸ̀ ÒDE ÒNÍ

Àwọn àgbà tó wà nínú kíláàsì yìí yóò rántí balùwẹ̀ tí wọ́n bá dàgbà. Ẹ̀yìnkùlé ni ó ń wà. Imọ̀ ọ̀pẹ tàbí ògbólógbòó páànù ni a fi ń ṣe ọgbà yí i ká. Òkúta pẹlẹbẹ méjì tàbí mẹ́ta ni ẹni tó ń wẹ̀ ń dúró lé. Kò ní òrùlé. Omi ìwẹ̀ a ṣàn lọ sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà a sì yọ omi dáadáa. Bí a bá wẹ̀ tán ní òwúrọ̀, oòrùn a wọ inú rẹ̀, afẹ́fẹ́ a fẹ́ sí i, kí ó tó di ọ̀sán ó ti gbẹ. Ewédò lè mú kí òkúta rẹ̀ máa yọ̀ ní àsìkò òjò, ṣùgbọ́n ògiri rẹ̀ kò bu, nítorí kò ní ògiri tí yóò bu.

Nígbà tó yá, a gbé balùwẹ̀ wọ inú ilé. A kò sọ pé kò dára. Ó dára fún arúgbó, ó dára fún aláboyún, ó dára fún ẹni tí kò fẹ́ jáde lóru nínú òjò. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ń gbé omi wọlé, a kò rántí pe oòrùn àti afẹ́fẹ́ wọlé pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ wo ọ̀pọ̀ ilé tí wọ́n ń fi háyà ní Ìkàrẹ́, tàbí ní Àkùngbá níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Adékúnlé Ajásin ń gbé. Fèrèsé balùwẹ̀ wọn lè má ju àwo ìjẹun kan lọ. Ẹlòmíràn a tún fi páálí dí ìyẹn náà, nítorí ẹ̀fọn, tàbí nítorí ojú aládùúgbò.

Ilẹ̀ Àkókó náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Òkè ló yí Ìkàrẹ́ ká. Orí òkè àti ẹ̀gbẹ́ òkè ni ọ̀pọ̀ àdúgbò Ọ̀kà wà. Láti bí oṣù kẹrin títí dé oṣù kẹwàá ni òjò ń rọ̀, a sì máa dáwọ́ díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ. Àpáta kì í mu omi. Òjò tó bá rọ̀ sórí rẹ̀ a ṣàn wálẹ̀, a wọ inú ilẹ̀ ní ẹsẹ̀ òkè, ibẹ̀ gan-an sì ni ẹlòmíràn fi ẹ̀yìn ilé rẹ̀ tì. Òkè tí àwọn baba ńlá wa sá sí nígbà ogun Tápà, òun náà ló ń rọ omi sí ògiri wa lónìí. Bí ọyẹ́ bá dé, gbogbo nǹkan a gbẹ, a ó sì rò pé àrùn ògiri ti san. Kò san. Ó sùn ni. Òjò àkọ́rọ̀ yóò jí i.

OMI WO NI?

Omi mẹ́ta ló ń mú ògiri balùwẹ̀ bu. Èkíní ni oru. Òtútù máa ń mú lórí òkè ní òwúrọ̀, nítorí náà a máa ń fi omi gbígbóná wẹ ọmọdé. Oru omi náà a gbéra, a kan ògiri tútù, a sì tún di omi padà. Bákan náà ni oru tó ń wá láti ara aṣọ tútù tí a sá sínú balùwẹ̀. Èkejì ni omi tó ń jò: páìpù tó ti là nínú ògiri, òrùlé tó ní ihò, táìsì tí sìmẹ́ńtì àárín rẹ̀ ti ṣí. Ẹ̀kẹta ni omi ilẹ̀, èyí tó ń gun ògiri bọ̀ láti ìsàlẹ̀, tàbí tó ń ti ẹ̀yìn ilé wọlé láti ara òkè.

Ẹni tí kò bá mọ èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń bá jà, owó ni yóò máa ná lásán. Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ irú ọ̀rọ̀ tó lè wáyé láàárín ìyá onílé kan àti bíríkìlà.

Ìyá: O káre, ọmọ mi. Mo fẹ́ kí o bá mi kun balùwẹ̀ yìí. Wo ọ̀dà, mo ti rà á sílẹ̀. Ojúlówó ni.

Bíríkìlà: Ẹ ṣeun, mà. Ìgbà wo lẹ kùn ún kẹ́yìn?

Ìyá: Ọdún tó kọjá. Mo tún kùn ún lọ́dún tó ṣáájú ìyẹn.

Bíríkìlà: Ó sì tún bu?

Ìyá: Kò pé oṣù mẹ́ta! Ọ̀dà ayé ìsinsìnyí ò lágbára mọ́.

Bíríkìlà: Ẹ má bínú, Ìyá, ẹjọ́ ọ̀dà kọ́. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tómi ti ń wá. Ẹ bá mi wá ọ̀rá kan, irú èyí tí wọ́n fi ń di búrẹ́dì, tó ń fojú hàn. Ẹ bá mi wá tépù pẹ̀lú.

Bíríkìlà náà fi aṣọ gbígbẹ nu ibì kan lára ògiri, níbi tí omi ìwẹ̀ kì í ta sí. Ó tẹ́ ọ̀rá náà sí i, ó sì fi tépù lẹ etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pinpin, kí afẹ́fẹ́ má ráyè wọ abẹ́ rẹ̀. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án fún ọjọ́ méjì.

Ẹ má fojú kéré ọ̀rá yìí. Bí ọjọ́ méjì bá pé, tí omi bá sẹ̀ sí ojú ọ̀rá tó kọjú sí wa, inú balùwẹ̀ ni omi náà ti wá, oru ni. Ṣùgbọ́n bí ojú rẹ̀ bá gbẹ, tí omi wà ní ẹ̀yìn rẹ̀ níbi tó ti fara kan ògiri, inú ògiri ni omi ti ń bọ̀. Ó lè jẹ́ ilẹ̀, ó lè jẹ́ òkè, ó lè jẹ́ páìpù. Ibi tí ògiri dúdú sí náà yóò ràn wá lọ́wọ́. Bí ó bá jẹ́ ìsàlẹ̀ ló dúdú, tí ọ̀dà ń wú, tí ó sì ń ṣí bí èèpo, ẹ fura sí omi ilẹ̀. Bí ó bá jẹ́ igun òkè àti òkè àjà, ẹ fura sí oru tàbí òrùlé. Bí ó bá jẹ́ ojú kan péré, tí ó tutù ní ẹ̀ẹ̀rùn àti ní òjò, ẹ pe púlọ́ḿbà.

Nígbà tí bíríkìlà padà dé, ẹ̀yìn ọ̀rá ni omi wà. Ó jáde lọ wo ẹ̀yìn ilé.

Bíríkìlà: Ìyá, ẹ wá wo nǹkan. Erùpẹ̀ tí àgbàrá ń gbé bọ̀ láti òkè ti ga ju ilẹ̀ yàrá yín lọ. Ó ti bo ibi tí German floor wà. Omi páànù yín náà, ẹsẹ̀ ògiri yìí ló ń dà sí. Ẹ jẹ́ ká kó erùpẹ̀ yìí kúrò, ká wa gọ́tà sí òkè ilé, kó gba omi lọ sí ẹ̀gbẹ́.

Ìyá: Ṣé kòtò ni mo ní kí o wá gbẹ́ ni? Ọ̀dà ni mo rà!

Bíríkìlà: Ẹ fi ọ̀dà yẹn pamọ́, mà. Tí ọyẹ́ bá ti fẹ́ sí ògiri yìí, tó gbẹ, màá wá kùn ún fún yín.

Inú ìyá kò dùn lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni bíríkìlà sọ. Ẹni tó bá kun ògiri tútù, ó ti omi mọ́ inú rẹ̀ ni, omi náà yóò sì wá ọ̀nà jáde. Ògiri búlọ́ọ̀kù a máa gba oṣù púpọ̀ kí ó tó gbẹ tán. Ní tèmi, bíríkìlà tó lè sọ fún onílé pé kí ó má tíì kun ilé rẹ̀ kò wọ́pọ̀. Ẹni tó bá rí ọ̀kan, kí ó dì í mú.

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ kọ́ ilé ní ẹsẹ̀ òkè, kí ó sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n tẹ́ ọ̀rá dúdú tó nípọn sábẹ́ ilẹ̀ àti sórí ìpìlẹ̀ kí wọ́n tó gbé ògiri lé e. Ọ̀rá náà ni kò ní jẹ́ kí omi gun òkè. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó sìmẹ́ńtì. Lẹ́yìn tí a bá ti kọ́lé tán, kò sí bí a ti fẹ́ tẹ́ ẹ mọ́ láìfọ́ ilé.

Ti oru kò nílò bíríkìlà. Ẹ yọ páálí lójú fèrèsé. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀fọn ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà yín, ẹ fi nẹ́ẹ̀tì sí i. Bí ẹ bá wẹ̀ tán, ẹ ṣí fèrèsé sílẹ̀, kí ẹ sì ti ilẹ̀kùn balùwẹ̀ kí oru má wọ yàrá. Ẹ fi aṣọ nu omi ara ògiri, ẹ gbá omi ilẹ̀ lọ sójú ihò. Ẹ má sá aṣọ sínú balùwẹ̀. Bí ẹ bá ń pọn omi pamọ́ sínú ike ńlá nítorí kò sí omi ẹ̀rọ, ẹ fi ọmọrí dé e. Onílé tó bá lè yọ búlọ́ọ̀kù méjì lókè ògiri, kí ó fi èyí tó ní ojú ihò rọ́pò wọn, ó ti ṣe ju ẹni tó ra ọ̀dà márùn-ún lọ.

ǸJẸ́ BÍBU LÈ PA ÈNÌYÀN?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbé pẹ̀lú rẹ̀, kò sì ṣe wọ́n ní nǹkan kan tó ju ọ̀fìnkìn lọ. Ṣùgbọ́n ara kò rí bákan náà. Ní ọdún 2009, Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, tẹ ìwé kan jáde lórí ilé tútù àti bíbu. Ìwé náà sọ pé àwọn tó ń gbé inú irú ilé bẹ́ẹ̀ a máa ní ikọ́, èémí wọn a sì máa dún fín-ín-fín-ín ju ti àwọn ẹlòmíràn lọ, àti pé ó ń mú kí ásímà burú sí i. Ọmọ ọwọ́, arúgbó, àti ẹni tí ara rẹ̀ kò le ni ó ń bá jà jù. Ọmọ tó ń wúkọ́ lóràlóru ní àsìkò òjò, tí ara rẹ̀ sì máa ń yá nígbà tí a bá gbé e lọ sí ilé ìyá àgbà rẹ̀, kí a tó máa wo ojú ẹbí tàbí aládùúgbò, ẹ jẹ́ kí a wo ara ògiri. Kí a sì gbé ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn.

Àwọn tó ní ọmọ ní ìlú Òyìnbó lè rò pé ilé àwọn Òyìnbó kì í bu. Ó ń bu. Ní ìlú Rochdale, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ ọdún 2 kan tó ń jẹ́ Awaab Ishak kú ní oṣù December, ọdún 2020. Ilé tí wọ́n háyà ni òun àti àwọn òbí rẹ̀ ń gbé. Láti ọdún 2017 ni bàbá rẹ̀ ti lọ sọ fún àwọn tó ni ilé pé ilé náà ń bu. Kí ni wọ́n sọ fún un? Wọ́n ní kí ó fi ọ̀dà kùn ún. Ní oṣù November 2022, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń ṣèwádìí ikú ní ìlú náà sọ ní gbangba pé bíbu tí ọmọ náà ń fà símú láti ìgbà pípẹ́ ló pa á, àti pé afẹ́fẹ́ kò ráyè wọlé kí ó jáde bó ti yẹ nínú ilé náà. Ní ọdún 2023, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin tí wọ́n fi orúkọ ọmọ náà pè, pé onílé irú ilé bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ tún un ṣe láàárín àkókò tí a dá fún un.

BÍ A TI Ń FỌ̀ Ọ́, ÀTI OHUN TÍ A KÒ GBỌDỌ̀ PÒ PỌ̀

Lẹ́yìn tí a bá ti dí ojú omi, a lè wá fọ ògiri. Ẹ ṣí fèrèsé àti ilẹ̀kùn. Ẹ fi aṣọ bo imú, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ ọ̀rá. Ẹ má ha bíbu ní gbígbẹ, nítorí irúgbìn rẹ̀ yóò fò wọ imú yín. Ẹ kọ́kọ́ fi omi rẹ ẹ́. Lórí táìsì àti sìmẹ́ńtì, omi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì tó le tó. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ ṣan án, ẹ nù ún gbẹ. Ilẹ̀ tó ní ewédò, ẹ fi iyanrìn àti ìgbálẹ̀ ha á dáadáa, nítorí ìyá àgbà tó bá yọ̀ ṣubú níbẹ̀ lè máà fi ẹsẹ̀ rẹ̀ rìn bíi ti àtẹ̀yìnwá mọ́. Páálí òkè àjà tó ti bu kọjá ààlà kò ṣe é fọ̀. Yíyọ ni kí a yọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí òkè àjà ilé àtijọ́ bá jẹ́ asibẹ́sítọ́ọ̀sì, ẹ má fi ayùn rẹ́ ẹ, ẹ má sì fọ́ ọ, nítorí eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Àwọn mìíràn a fẹ́ lo omi tí a fi ń fọ aṣọ funfun, tí a ń pè ní Jik tàbí Hypo. Kò burú. Ife 1 sí ife omi 16 tó. Ọjọ́ tí a bá pò ó ni kí a lò ó tán. Ṣùgbọ́n ibí yìí ni kí olùkọ́ dúró, kí ó jẹ́ kí gbogbo kíláàsì tún un kà lẹ́ẹ̀mejì: Ẹ MÁ PO OMI FỌṢỌ-FUNFUN PỌ̀ MỌ́ OHUN ÌFỌ̀ MÌÍRÀN. Ẹ má pò ó mọ́ ásíìdì tí àwọn tó ń lẹ táìsì ń lò. Ẹ má pò ó mọ́ oògùn tí a fi ń fọ ṣáláńgá òyìnbó. Ẹ má dà á sórí ìtọ̀ tó ti ṣe ọjọ́ mélòó kan nílẹ̀.

Bí a bá pò ó mọ́ ásíìdì, èéfín kan yóò jáde tí a ń pè ní klorínì. Ní ọjọ́ 22 oṣù April 1915, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, èéfín yìí gan-an ni àwọn ọmọ ogun Jámánì tú sílẹ̀ ní Ypres, ní orílẹ̀-èdè Belgium, kí atẹ́gùn gbé e lọ bá àwọn ọmọ ogun Faransé. Àwọn ọmọ Áfíríkà láti Àlùjíríà wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fà á símú. Wọ́n wà ní gbangba pápá, ó sì pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wọn. Ẹ wá ro ẹni tó pò ó nínú balùwẹ̀ tí fèrèsé rẹ̀ kò ju àwo ìjẹun lọ. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ pé ojú àti ọ̀fun ń ta yín bí ata, ẹ má dúró wo ohun tó fà á. Ẹ jáde lójú ẹsẹ̀, ẹ lọ síbi tí afẹ́fẹ́ wà, kí ẹ sì wá dókítà.

Ìdí nìyí tí mímọ̀wé kà fi wúlò. Tẹ́lẹ̀, àwọ̀ ìgò ni a fi ń mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Nísinsìnyí ẹ lè ka ara ìgò. Ẹ wá ọ̀rọ̀ méjì yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni: sodium hypochlorite, àti hydrochloric acid. Ìgò tí ẹ bá rí èkíní lára rẹ̀ àti ìgò tí ẹ bá rí èkejì lára rẹ̀ kò gbọdọ̀ pàdé nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì kan. Ẹ má sì da ọ̀kankan nínú wọn sínú ìgò omi tàbí ìgò mínírà. Ọmọ tí òùngbẹ ń gbẹ kò mọ̀wé kà.

ÌBÉÈRÈ

1. Ẹ lọ wo balùwẹ̀ ilé yín lónìí. Níbo ni ó ti dúdú: ìsàlẹ̀ ni, òkè ni, àbí ojú kan péré? Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín.

2. Ẹ lẹ ọ̀rá mọ́ ògiri fún ọjọ́ méjì bí bíríkìlà ti ṣe. Ojú rẹ̀ ni omi wà ni, tàbí ẹ̀yìn rẹ̀?

3. Ẹ mú òfìfo ìgò ohun ìfọ̀ kan wá sí kíláàsì. Ẹ da ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ ara rẹ̀ kọ, kí olùkọ́ sì túmọ̀ rẹ̀.

4. Bí ó bá jẹ́ pé omi òkè ló ń wọ ògiri ilé háyà, ta ló yẹ kí ó san owó gọ́tà, onílé ni tàbí ẹni tó háyà ilé? Ẹ jiyàn rẹ̀.